Ohun Tí Páálí Kì Í Sọ: Ìdíwọ̀n Ẹ̀rọ Orin Àpò àti Kámẹ́rà Díjítà Àkọ́kọ́

Láàárín ọdún 1998 sí 2005, ọjà méjì kan gbòde ní Amẹ́ríkà, Japan àti Yúróòpù: ẹ̀rọ orin kékeré tí kò lo kásẹ́ẹ̀tì tàbí CD, àti kámẹ́rà tí kò lo fíìmù. Méjèèjì gbówó lórí, méjèèjì sì ń yí padà kíákíá débi pé èyí tí ènìyàn rà ní oṣù kìíní lè ti di ti àtijọ́ kí ọdún tó parí. Ìṣòro ẹni tó fẹ́ rà wọ́n ni pé nọ́ńbà ńlá kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ máa ń kọ gàdàgbà sára páálí, yálà iye orin tí ẹ̀rọ lè gbà tàbí iye megapixel tí kámẹ́rà ní. Nọ́ńbà náà kì í sábà jẹ́ irọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ bí ẹrù ọ̀hún yóò ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó lójoojúmọ́. Bátìrì, wáyà, káàdì, lẹ́ǹsì àti àkókò ìdúró ló máa ń pinnu ìyẹn, orí wọn gan-an sì ni páálí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ lé.

Orin inú CD jẹ́ àkójọ nọ́ńbà. Ìgbà 44,100 ni a wọn ìró rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, fún etí ọ̀tún àti fún ti òsì, nítorí náà orin ìṣẹ́jú kan ń gba bíi MB 10 nínú kọ̀ǹpútà. Ìyẹn pọ̀ jù fún ẹ̀rọ tí yóò wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì nígbà náà. Ní ìlú Erlangen lórílẹ̀-èdè Jámánì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ìwádìí Fraunhofer, tí Karlheinz Brandenburg jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára wọn, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà láti fún orin pọ̀. Ohun tí wọ́n gbára lé ni pé etí ènìyàn kì í gbọ́ gbogbo ohun tó ń dún: bí ìró líle kan bá dún, ó máa ń bo ìró jẹ́jẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí a bá yọ èyí tí etí kò ní gbọ́ kúrò, fáìlì á kéré gan-an. Ní oṣù keje ọdún 1995 ni wọ́n fi .mp3 ṣe ìparí orúkọ irú fáìlì yìí. Ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ nígbà náà, ìyẹn kilobit 128 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, orin ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bíi MB kan lọ.

Orin Suzanne Vega kan tó ń jẹ́ Tom's Diner wà lára ohun tí Brandenburg fi dán iṣẹ́ náà wò, nítorí ohùn obìnrin náà nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ìlù tàbí gìtá tí yóò bo àṣìṣe. Ọgbọ́n kan náà ló yẹ ẹni tó fẹ́ dán ẹ̀rọ orin wò ní ìsọ̀. Orin tó mọ̀ dunjú ni kí ó fi sí i, èyí tí ohùn kan ti hàn ketekete, tàbí èyí tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti agogo ti ń dún dáadáa, torí pé irú ìró tó tinrín tó sì mú bẹ́ẹ̀ ni fífún orin pọ̀ jù máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tó ń kọ MP3 tí wọ́n tà fún gbogbo ènìyàn ni MPMan F10, tí ilé-iṣẹ́ Saehan ti South Korea gbé jáde ní 1998. Lọ́dún kan náà ni Diamond Multimedia gbé Rio PMP300 jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi dọ́là 200. Ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ olórin níbẹ̀, RIAA, gbé Diamond lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n lè dá títà rẹ̀ dúró, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá Diamond láre ní oṣù kẹfà ọdún 1999. Ìdájọ́ yẹn ló jẹ́ kí ọkàn àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù balẹ̀ láti wọ ọjà.

MB 32 ni Rio ní nínú. Orin bíi ìdajì wákàtí nìyẹn. Àwo jùjú àtijọ́ kan, tí olórin kì í dákẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ojú kan títí dé òpin rẹ̀, lè má wọ inú rẹ̀ tán: ojú kìíní á wọlé, apá kan nínú ojú kejì á sì ṣẹ́kù síta. Ẹni tó bá rà á gbọ́dọ̀ máa yọ orin kúrò, kí ó máa fi òmíràn sí i, lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n Rio ní ohun kan tí kò sí lára ẹ̀rọ CD àpò: kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Ẹni tó ń sáré lè fi há ìgbànú kí orin má sì fò rárá, bátìrì AA kan ṣoṣo tó wà ní gbogbo ìsọ̀ ló sì ń lò. Fún ẹni tó kàn fẹ́ gbọ́ orin díẹ̀ lójú ọ̀nà, ó tó.

Ọ̀nà kejì ni láti fi hard disk, irú èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà, sínú ẹ̀rọ orin. Personal Jukebox ti ọdún 1999, tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Compaq ṣe ètò rẹ̀, gba nǹkan bíi GB 4.8. Ní ọdún 2000, Creative gbé Nomad Jukebox jáde pẹ̀lú GB 6. Lójú páálí, kò sí ohun tó lè bá Nomad du ipò: ọgọ́rùn-ún wákàtí orin. Lọ́wọ́ ẹni, ó tóbi tó ẹ̀rọ CD, kò ṣeé kì bọ àpò, bátìrì AA mẹ́rin ló sì ń lò. Lẹ́yìn náà ni Apple kéde iPod ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 2001, pẹ̀lú GB 5 ní dọ́là 399. Ibi ìpamọ́ rẹ̀ kéré sí ti Nomad, owó rẹ̀ kò kéré, kọ̀ǹpútà Macintosh nìkan ló sì ń bá ṣiṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá fi páálí nìkan dá a lẹ́jọ́, ó yẹ kí ó kùnà.

Ìdí tí kò fi kùnà wà nínú àwọn nǹkan tí àwọn ènìyàn kì í ka sí. Àkọ́kọ́ ni hard disk ínṣì 1.8 tí Toshiba ṣe, èyí tó jẹ́ kí ẹ̀rọ náà wọ àpò. Èkejì ni àgbá tí wọ́n fi sójú rẹ̀, tí àtàǹpàkò kan ṣoṣo lè yí láti fi wá orin kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀kẹta ni ìrántí MB 32 tó ń gbé orin tó ń bọ̀ sílẹ̀ ṣáájú, kí disk lè sinmi, kí ìmìtìtì má sì jẹ́ kí orin fò fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Odindi ohun tí Rio ní ní 1998 ni iPod fi ṣe ibi ìdúró fún orin tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin ni wáyà, òun ló sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà kọ́kọ́ béèrè. Nomad lo USB àkọ́kọ́, tí ìyára rẹ̀ kò ju megabit 12 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí gbogbo nǹkan bá lọ dáadáa láìsí ìdíwọ́ kankan, kíkún GB 6 yóò gbà ju wákàtí kan lọ. Nínú ìlò gidi, ó máa ń pẹ́ gan-an ju bẹ́ẹ̀ lọ. FireWire tí iPod lò lè gbé megabit 400 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, Apple sì sọ pé orin ẹgbẹ̀rún kan yóò wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyàtọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ sùúrù lọ. Ẹni tí ìkórin-sínú ń gba gbogbo alẹ́ rẹ̀ yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kan, orin kan náà ni yóò sì máa gbọ́ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí tirẹ̀ ń gba ìṣẹ́jú díẹ̀ yóò máa pààrọ̀ orin bí ó ṣe wù ú. Nígbà tí USB 2.0, tí ìyára rẹ̀ dé megabit 480, wá wọ́pọ̀, ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n títí di bíi ọdún 2003 ẹ̀rọ tó ní USB àtijọ́ ṣì wà lórí àtẹ pẹ̀lú páálí tó lẹ́wà.

Bátìrì ní apá méjì: wákàtí tó ń lò lẹ́ẹ̀kan, àti ọdún tó ń lò kó tó kú. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń kéde ti àkọ́kọ́. Wákàtí mẹ́wàá ni Apple kéde fún iPod àkọ́kọ́, ó sì dára fún ìgbà náà. Èkejì ni kò sí lórí páálí. Inú ẹ̀rọ náà ni wọ́n dí bátìrì pa sí, ẹni tó ni ín kò lè ṣí i kí ó pààrọ̀ rẹ̀ bí ẹni ń pààrọ̀ bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni wákàtí rẹ̀ ń dín kù. Ẹjọ́ wáyé lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní 2005 sì ni Apple gbà láti san àsanpadà fún àwọn tó ra ìran mẹ́ta àkọ́kọ́. Lójú ẹni tó ń wo ọjọ́ iwájú, ẹ̀rọ tó ń lo AA ní ọlá lórí èyí tó ń lo bátìrì àdìpa, bó tilẹ̀ wúwo díẹ̀.

Ohun tó tún ju gbogbo èyí lọ ni ìbéèrè nípa ẹni tó ni orin gan-an. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn Walkman tuntun ti Sony kò fi gba MP3 tààrà: ènìyàn ní láti yí orin rẹ̀ padà sí ATRAC, ìlànà tí Sony fúnra rẹ̀ ṣe, kí ó tó lè wọlé. Ní 2004 ni Sony bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìpinnu náà padà, lẹ́yìn tí ọjà ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Apple náà ní tirẹ̀. Orin tí ó ń tà ní sẹ́ǹtì 99 ní ìsọ̀ orin rẹ̀, iTunes, láti oṣù kẹrin ọdún 2003 ní àgádágodo nígbà náà, tí kò jẹ́ kí ó dún lórí ẹ̀rọ orin ilé-iṣẹ́ mìíràn. Ẹni tó ra igba orin lọ́nà yìí, tó wá fẹ́ yí ẹ̀rọ padà, ti so ara rẹ̀ mọ́ ilé-iṣẹ́ kan láìmọ̀. Kò sí nọ́ńbà kankan tó lè fi èyí hàn, bẹ́ẹ̀ ìnáwó tó wà níbẹ̀ lè ju owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tó ń gba MP3 lásán, tí kọ̀ǹpútà ń rí gẹ́gẹ́ bí disk lásán, ló fún oníbàárà ní òmìnira tó pọ̀ jù.

Ní ti dídùn orin, ìyàtọ̀ láàárín àwọn ẹ̀rọ náà kò tó bí a ṣe máa ń rò. Íápíìsì tó bá páálí wá ni ó sábà jẹ́ ibi tó tẹ̀, fífi owó díẹ̀ ra òmíràn sì ń ṣe ènìyàn lóore ju fífi owó púpọ̀ kún ti ẹ̀rọ lọ.

Kámẹ́rà díjítà ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí ó tó dé ìsọ̀. Ní ọdún 1975, Steven Sasson, onímọ̀ ẹ̀rọ ní Kodak ní ìlú Rochester ní Amẹ́ríkà, to ọ̀kan pọ̀ tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 3.6. Ìṣẹ́jú-àáyá 23 ló fi ń kọ àwòrán dúdú-àti-funfun kan sórí kásẹ́ẹ̀tì, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún megapixel péré sì ni. Ní 1994, QuickTake 100 ti Apple ń gba àwòrán mẹ́jọ ní ìwọ̀n rẹ̀ tó dára jù, kò sì ní ojú tí ènìyàn fi lè wo ohun tó yà. Casio QV-10 ti 1995 ló fi ojú kékeré sí ẹ̀yìn kámẹ́rà, ìyẹn sì yí gbogbo nǹkan padà, nítorí láti ìgbà náà ni ayàwòrán ti lè rí i lójú ẹsẹ̀ bóyá ẹnì kan dijú.

Mavica tí Sony gbé jáde ní 1997 fi hàn pé ohun tó rọrùn lè borí nọ́ńbà. Àwòrán rẹ̀ kò ju píksẹ̀lì 640 lọ́nà ìbú àti 480 lọ́nà òró, ṣùgbọ́n orí floppy disk ló ń kọ ọ́ sí, irú èyí tó wà ní gbogbo ọ́fíìsì. Kò sí wáyà, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí ènìyàn yóò kọ́kọ́ fi sí i. Ènìyàn á yọ disk, á fi bọ kọ̀ǹpútà, àwòrán á sì jáde. Ó tóbi, kò sì rẹwà, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ àti àwọn tó ń ta ilé ní Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀.

Megapixel kan jẹ́ mílíọ̀nù kan àmì ìmọ́lẹ̀ nínú àwòrán. Fún ìtẹ̀wé tó mọ́ kedere, a máa ń ka àmì 300 sí ínṣì kan. Àwòrán Mavica, bí a bá tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ju nǹkan bíi ínṣì méjì lọ ní ìbú, ìyẹn kò ju fọ́tò pásípọ́ọ̀tù lọ. Kámẹ́rà megapixel méjì, bíi Nikon Coolpix 950 ti 1999, ń fúnni ní píksẹ̀lì 1600 sí 1200, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fọ́tò ínṣì mẹ́rin sí mẹ́fà tó wọ́pọ̀ nínú álúbọ́ọ̀mù. Láti ibẹ̀ lọ ni ojú ti ń tan ènìyàn. Láti méjì sí mẹ́ta dà bí àfikún ńlá, ṣùgbọ́n ìbú àwòrán kàn kúrò ní 1600 sí 2048 ni, àfikún náà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò fẹ̀ ní ìlọ́po méjì, tó sì tún ga ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin megapixel ni yóò wá. Owó tí ọ̀pọ̀ ènìyàn san nítorí megapixel kan péré kò hàn nínú fọ́tò tí wọ́n tẹ̀.

Àwọn nọ́ńbà kan tilẹ̀ wà tó nílò àlàyé. FinePix 4700 tí Fujifilm gbé jáde ní 2000 ní ṣíìpù tó ní àmì mílíọ̀nù 2.4, ṣùgbọ́n fáìlì tó ń gbé jáde jẹ́ ti mílíọ̀nù 4.3, nítorí ìṣirò ni kámẹ́rà fi ń dí àwọn àlàfo tó wà láàárín. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò gbà pé àwòrán rẹ̀ dára ju ti kámẹ́rà megapixel méjì lásán lọ, kò sì tó mẹ́rin. Bí ṣíìpù fúnra rẹ̀ ṣe tóbi tó tún ṣe pàtàkì. Nínú kámẹ́rà àpò, kò ju èékánná ọwọ́ kékeré lọ. Bí wọ́n bá kó àmì púpọ̀ sí i sórí rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń kan ọ̀kọ̀ọ̀kan á dín kù, àwòrán tí a yà nínú ilé lálẹ́ á sì máa rí hóróhóró. Canon EOS 300D ti ọdún 2003, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ tó ní lẹ́ǹsì yíyọ tí owó rẹ̀ kò tó dọ́là 1,000, ní megapixel 6.3 lórí ṣíìpù tó tóbi ju ti kámẹ́rà àpò lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi mọ́ lálẹ́.

Zoom oríṣi méjì ló wà, ọ̀kan ṣoṣo ló sì yẹ kí a kà. Optical zoom ń fi lẹ́ǹsì gidi fa nǹkan súnmọ́. Digital zoom kàn ń gé àárín àwòrán, ó sì ń fẹ̀ ẹ́, ohun tí kọ̀ǹpútà ilé lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí páálí bá kọ "zoom ìlọ́po mẹ́sàn-án", ó lè jẹ́ mẹ́ta ti lẹ́ǹsì tí wọ́n fi mẹ́ta ti ìgé sọ di púpọ̀.

Àkókò ìdúró ló dun àwọn ènìyàn jù. Ní kámẹ́rà fíìmù, bí a bá ti tẹ bọ́tìnì ni ó ti ya àwòrán. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà díjítà ìgbà yẹn ní láti kọ́kọ́ wá ojú ìwòye rẹ̀, kí ó wọn ìmọ́lẹ̀, kí ó tó yà. Ó lè gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọmọ tó ń fò á ti balẹ̀. Ìyàwó tó ń ju òdòdó á ti jù ú tán. Ìdánwò rẹ̀ kò ṣòro: kí ènìyàn ya ọwọ́ aago tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá, kí ó tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá dé orí nọ́ńbà kan, kí ó sì wo ibi tí ọwọ́ náà wà nínú fọ́tò.

Fún ẹni tó ń yàwòrán ìnáwó nílẹ̀ Yorùbá, ìdánwò mìíràn wà tí ìwé àlàyé ilé-iṣẹ́ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kámẹ́rà kò mọ ohun tó ń wò. Ó kàn ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe kí gbogbo àwòrán lè wà ní agbedeméjì. Bí àwọn ènìyàn bá wọ léèsì funfun àti agbádá funfun kún inú àwòrán, kámẹ́rà á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù, ojú ènìyàn dúdú á sì ṣókùnkùn débi pé a kò ní mọ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà tó ní ọ̀nà tí ènìyàn fi lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi ìmọ́lẹ̀ kún un, tí ọ̀nà náà kò sì fara sin sínú àtòjọ mẹ́wàá, dára fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ju èyí tó fi megapixel méjì jù ú lọ.

Káàdì ìrántí náà di ìdẹkùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. CompactFlash ti SanDisk wà láti 1994, SmartMedia ti Toshiba láti 1995, Memory Stick ti Sony láti 1998. Ní 1999 ni SD dé, ní 2002 sì ni Olympus àti Fujifilm gbé xD jáde. Kò sí èyí tó wọ ihò èkejì rẹ̀. SmartMedia kò kọjá MB 128 títí ó fi kú, xD sì parẹ́ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ẹni tó yan kámẹ́rà láìbéèrè irú káàdì rẹ̀ lè ní kámẹ́rà tó ń ṣiṣẹ́ tí kò sì rí ohun tí yóò fi sínú rẹ̀. Ní ti bátìrì, AA alkaline lásán kì í pẹ́ kú nínú kámẹ́rà. NiMH tó ṣeé ṣájì ló yẹ ẹ́. Láti lè fi kámẹ́rà wé ara wọn, CIPA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ kámẹ́rà ti Japan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, fi ìlànà kan lélẹ̀: àwòrán kan ní ìṣẹ́jú-àáyá ọgbọ̀n, fíláàṣì ní ẹ̀ẹ̀kan nínú méjì, pẹ̀lú ojú ẹ̀yìn ní títàn. Láti ìgbà náà ni nọ́ńbà bátìrì ti ní ìtumọ̀.

Irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń yẹ kámẹ́rà wò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ti ń lò. Nígbà náà, Phil Askey, tó dá ìkànnì DPReview sílẹ̀ ní 1998, máa ń fi oríṣiríṣi kámẹ́rà ya ohun kan náà lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan náà, á wọn àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń tan, á sì gbé àwòrán wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí òǹkàwé fúnra rẹ̀ dájọ́. Consumer Reports ní Amẹ́ríkà a máa fi owó ara rẹ̀ ra ohun tó fẹ́ dán wò, kí ilé-iṣẹ́ má bàa fi èyí tí wọ́n ṣà lẹ́ṣà ránṣẹ́ sí i. Ohun méjèèjì yìí, ìdánwò kan náà fún gbogbo wọn àti owó tí kò ti ọwọ́ olùtajà wá, ni a fi ń mọ àyẹ̀wò tó ṣeé gbára lé.

Fóònù ti gba iṣẹ́ méjèèjì. Kámẹ́rà díjítà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ CIPA kó jáde lé ní mílíọ̀nù 121 ní 2010. Ní 2021, ó ti wálẹ̀ sí bíi mílíọ̀nù mẹ́jọ. Apple sì dá iPod dúró ní oṣù karùn-ún ọdún 2022. Síbẹ̀ àwọn ọ̀dọ́ ti tún ń wá kámẹ́rà kéékèèké ìgbà yẹn kiri nítorí àwọ̀ àwòrán rẹ̀, tòkunbọ̀ wọn sì wà lọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kan, kí ó má wo megapixel. Kí ó béèrè bátìrì rẹ̀, ṣájà rẹ̀ àti káàdì rẹ̀, kí ó ya àwòrán kan níwájú ẹni tó ń tà á, kí ó sì rí i lójú kọ̀ǹpútà kí ó tó sanwó.